Má ṣe ìdána orí fídíò, má sì fi ọmọ rẹ pamọ́

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Aránṣọ ni mí ní Iléṣà, ọmọ ọdún 31 sì ni mí. Mo bí ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 7, fún ẹni tí a ti pínyà. Àkúrẹ́ ni bàbá rẹ̀ ń gbé. Àfẹ́sọ́nà mi wà ní Kánádà, ó ti gba PR, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí lọ. Ó wá sílé ní Kérésìmesì tó kọjá, ó rí àwọn òbí mi, ó sì rí ọmọ mi. Láti ìgbà náà, orí fóònù la wà. Ó ní òun ò ní ráyè wá lọ́dún yìí, nítorí náà kí a ṣe ìdána lóṣù tó ń bọ̀, kí àbúrò òun dúró fún òun, kí òun máa wò ó lórí fídíò, kí òun lè tètè fi ìwé mi sílẹ̀. Màmá àfẹ́sọ́nà mi wá ní kí n má tíì kọ orúkọ ọmọ mi sí fọ́ọ̀mù, pé tí mo bá ti débẹ̀ tán, a ó padà wá mú un. Ọmọ yìí ló ń jókòó tì mí nídìí ẹ̀rọ tó bá ti ilé ìwé dé, òun ló ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí n bá ta kò wọ́n, wọ́n á ní n ò fẹ́ ọmọ wọn. Kí ni kí n ṣe? Aránṣọ, Iléṣà.

Ọmọ mi, lẹ́tà rẹ ká mi lára, nítorí mo rí i pé o ti mọ ohun tó yẹ, ẹ̀rù ló kàn dí ọ lẹ́nu. Ohun méjì ni wọ́n ní kí o ṣe. Má ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti fídíò kúrò nílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìdílé ló ń fẹ́ ìyàwó, irú ìdána bẹ́ẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni mọ́. Àbúrò ọkọ á wọ aṣọ òkè, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n á gbé fóònù sórí àga tí ọkọ ì bá jókòó sí, alága ìjókòó á ní kí ìyàwó sún mọ́ ọn kí ọkọ rẹ̀ lè rí i dáadáa, gbogbo ilé á sì hó yèè. Lójú ẹbí, ìyàwó ti di ìyàwó ilé. Lójú àwọn tó máa yẹ ìwé rẹ wò ní Kánádà, kò sí ìgbéyàwó. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 2015 ni òfin wọn ti sọ pé ìgbéyàwó tí ọkọ tàbí ìyàwó kò bá sí níbẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fi mú ọkọ tàbí aya wọ̀lú. Ì báà jẹ́ pé ẹlòmíràn ló dúró fún un, ì báà jẹ́ orí fóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, ọ̀kan náà ni. Tí ẹ bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n á kọ̀ ọ́, owó á ti lọ, ẹ ó sì tún máa ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi ṣe ìgbéyàwó lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ó wá sílé. Tí kò bá ráyè lọ́dún yìí, kí ó wá lọ́dún tó ń bọ̀. Òótọ́ ni pé ẹni tó ní PR gbọ́dọ̀ máa gbé ní Kánádà kó tó lè fa ìyàwó wọ̀lú, ṣùgbọ́n kí èèyàn wá sílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan wá gbéyàwó kò ba nǹkan kan jẹ́. Ìwọ lè ti máa tún ọ̀nà ṣe níhìn-ín. Òfin ìgbéyàwó ilẹ̀ wa gbà kí ẹnì kan nínú ẹ̀yin méjèèjì lọ fi ìwé ìkéde sílẹ̀ ní kánsù. Ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ kọjá lórí rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣe ìgbéyàwó náà kí oṣù 3 tó pé. Tí o bá lọ fi í sílẹ̀ ní bí oṣù kan kí ó tó dé, ẹ lè ṣe ti kóòtù àti ìdána láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Tí ara bá ń yá àwọn ẹbí, kí wọ́n ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lóṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n jẹ, kí wọ́n mu, kí wọ́n ya fọ́tò. Tọ́jú fọ́tò náà, àti rìsíìtì owó tó ń fi ránṣẹ́ sí ọ, àti àkọsílẹ̀ ìpè yín, nítorí wọ́n á béèrè ẹ̀rí pé ẹ fẹ́ra yín lóòótọ́. Bi í pẹ̀lú bí òun fúnra rẹ̀ ṣe gba PR. Tó bá jẹ́ pé ìyàwó kan ló fà á wọ̀lú tẹ́lẹ̀, ọdún 5 gbọ́dọ̀ pé lórí PR náà kó tó lè fa ìyàwó mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà. Kì í ṣe ọmọ tó ń bá ọ lọ nìkan ni fọ́ọ̀mù yẹn ń béèrè. Gbogbo ọmọ tí o bí ló ń béèrè, àwọn tó ń lọ àti àwọn tí kò lọ. Èyí tí kò bá tíì pé ọdún 22, tí kò sì tíì ní ọkọ tàbí aya, dókítà tí Kánádà fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kódà tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló máa dúró. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá fi pamọ́, tí wọn ò yẹ̀ wò nígbà tí ìyá ń gba PR, òfin yọ ọ́ kúrò lára ẹbí tí ìyá náà lè fà wọ̀lú lọ́jọ́ iwájú. “A ó padà wá mú un” tí wọ́n ń sọ fún ọ yẹn gan-an ni òfin náà dínà mọ́. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ìjọba wọn ṣí àyè onígbà díẹ̀ fún àwọn kan tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí. Onígbà díẹ̀ ni, mi ò sì ní gbà kí o fi ọmọ kan ṣoṣo tí o bí ta tẹ́tẹ́ lé e lórí. Yàtọ̀ sí èyí, irọ́ ni, bí irọ́ bá sì lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ó bá a. Ẹni tí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ lọ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀, ọdún 5 ni ilẹ̀kùn fi ń tì mọ́ ọn. Tí ẹ́jẹ́ǹtì kan bá ní kò sí nǹkan níbẹ̀, orúkọ ẹ́jẹ́ǹtì kọ́ ló wà lórí fọ́ọ̀mù, orúkọ rẹ ni.

Mo rò pé mo mọ ohun tó ń kọ ìyá ọkọ rẹ lóminú. Ẹni tó bá fa ìyàwó wọ Kánádà máa ń buwọ́ lùwé pé òun á gbọ́ bùkátà rẹ̀ fún ọdún 3 láti ọjọ́ tó bá ti gba PR. Ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 22 jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọdún 10 ni, tàbí títí ọmọ náà á fi pé ọdún 25, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ọmọ ọdún 7 ni tìrẹ. Bí àfẹ́sọ́nà rẹ bá buwọ́ lùwé yẹn, ọmọ ọlọ́mọ ti di ẹrù rẹ̀ lábẹ́ òfin títí ọmọ náà á fi di géńdé, bí ìgbéyàwó yín bá sì tú, ìwé náà ò tú. Ìyá tó ń rò ó fún ọmọ rẹ̀ lè máa bẹ̀rù èyí kó má sì lè là á mọ́lẹ̀. Mi ò bínú sí wọn. Bá wọn sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, lórí ìkúnlẹ̀, kí o ṣàlàyé pé Kánádà kò fi iye owó kan lélẹ̀ tí ọkọ gbọ́dọ̀ máa gbà kó tó lè mú ìyàwó àti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá, àti pé orúkọ tí a fi pamọ́ lè kó bá ọmọ tiwọn náà.

Ṣùgbọ́n wọn kọ́ ló máa buwọ́ lùwé. Nínú gbogbo lẹ́tà rẹ, ohun tí ìyá sọ nípa ọmọ náà ni mo rí. Mi ò rí ohun tí ọkùnrin náà fẹnu ara rẹ̀ sọ. Ó yà mí lẹ́nu, ó sì yẹ kó ya ìwọ náà lẹ́nu.

Bàbá ọmọ náà kò ṣeé fò dá. Fọ́ọ̀mù kan wà, IMM 5604, tí òbí tí kò bá ọmọ lọ ń fi gbà pé kí ọmọ lọ. Wá a lọ sí Àkúrẹ́ nísinsìnyí tí kò tíì sí ìkánjú, kí ẹni tó dàgbà nínú ẹbí rẹ bá ọ lọ. Tó bá kọ̀, tàbí tó di àwátì, lọ́yà ló máa bá ọ gba ìwé àṣẹ ìtọ́jú ọmọ ní kóòtù, ìyẹn sì máa ń gba àkókò.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí o mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìwé halẹ̀ mọ́ ọ lọ́hùn-ún. Nígbà kan, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ bá ọkọ rẹ̀ gbé fún ọdún 2 kí PR rẹ̀ tó múlẹ̀. Wọ́n fagi lé e ní oṣù kẹrin ọdún 2017. Tí ìgbéyàwó yín bá jẹ́ òtítọ́, tí o sì ti gba PR, ọkọ kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ nítorí pé ẹ jà.

Pè é lọ́jọ́ tí kò bá sí níbi iṣẹ́, nígbà tí ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí. Má ṣe dọ́gbọ́n sí i. Sọ fún un pé, “Ṣé ẹ lè buwọ́ lùwé ọdún 10 fún ọmọ mi?” Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ìwọ náà gba kánsù lọ. Tó bá ní rárá, tàbí tó ní kí o lọ bá ìyá òun sọ ọ́, sọ fún bàbá rẹ kí wọ́n má tíì mú ọjọ́ ìdána.