Èsì: Ìrántí àwọn ọmọ kíláàsì yín tó ti lọ
Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá oyè àti ipò nìkan tó láti kọ sínú ìrántí àwọn tẹ́ ẹ jọ ka ìmọ̀ okòwò. Kò tó rárá. Ẹ wo Naylor Fitzhugh, tó gba MBA (oyè ìjìnlẹ̀ nínú ìṣàkóso okòwò) ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1933, tó sì di ọ̀gá ní Pepsi. Béèyàn bá dúró síbẹ̀, ó ti fo ibi tó dùn jù: ó lé ní 30 ọdún tó fi kọ́ni ní Yunifásítì Howard, ní Amẹ́ríkà bákan náà. Níbẹ̀ ló ti rọ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Lillian Lincoln pé kó lọ sí Harvard, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba MBA níbẹ̀, lọ́dún 1969. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá àwọn tí olóògbé kọ́ níṣẹ́ lọ. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó sọ fún wọn lọ́jọ́ tí iṣẹ́ dojú rú.