"Go off": àláàmù tó ń ké ni, àbí èyí tó ti kú?

Àbúrò mi, o ní màmá òyìnbó tí ò ń tọ́jú ní Leeds sọ pé "I've gone off fish", o wá ń béèrè bóyá ẹja inú fíríìjì ló bàjẹ́. Ẹja ò ṣe nǹkan kan. Ẹja ló sú màmá. Ká ní ẹja ló bàjẹ́ ni, "the fish has gone off" ni ì bá wí. Ṣáà máa wo ohun tó ṣíwájú nínú gbólóhùn. Mílíìkì bá go off, ó ti kan. Iná bá go off, iná lọ nìyẹn. Bọ́ǹbù bá go off, ó bú gbàmù. Èèyàn náà lè go off, kó kàn gbéra ńlẹ̀ kó máa lọ. Ìyẹn ò le.

Àláàmù ló le. Díẹ̀ ló kù kó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi.

Iṣu, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ ni mò ń tà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà náà. Iná lọ lóru ọjọ́ kan, bátìrì inú àláàmù ti gbó, àláàmù bá kú. Olè já ilẹ̀kùn wọlé. Àwọn onínṣọ́ránsì rán ọkùnrin kan sí mi, tòun ti kọ̀ǹpútà lórí itan. Mo ní, "The light went off, then the alarm went off." Ó ní aago mélòó? Mo ní aago méjì òru, torí ibẹ̀ ni aago oníná ara ògiri dúró sí. Ó ní ta ló gbọ́ àláàmù náà? Mo ní ta ni yóò gbọ́ ọ, ṣebí mo ní ó ti go off! Ó wò mí títí, ó bá ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ.

Nílé wa, ohun oníná tó bá go off, ó kú ni: fáànù, tẹlifíṣọ̀n, jẹnẹrétọ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, àláàmù tó bá go off, ariwo ló ń pa. Ẹni tó ń gbowó oṣù torí pé ó ń bèèrè ọ̀rọ̀ ò bi mí pé, "Kí lẹ ní lọ́kàn gan-an?" Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ta kora, wọ́n sì di owó mú. Lẹ́tà lọ, lẹ́tà bọ̀. Tí mo bá pè wọ́n, ẹlòmíì ni yóò gbé e, màá tún bẹ̀rẹ̀ látorí "a". Pákó ni mo fi dí ojú ilẹ̀kùn. Àwọn oníbàárà rí pákó, wọ́n rò pé mo ti kógbá sílé. Ìgbà tí ẹni tó ṣe àláàmù náà fún mi tẹ àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n rí i pé iná ló lọ, ni wọ́n tó sanwó. Kò sẹ́ni tó ní "ẹ máà bínú".

Àwọn tó ń kọ́ni fún IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì yẹn, náà ń kọ́? Wọ́n á kó irú ọ̀rọ̀ yìí jọ sórí ìwé gbọọrọ fún ọ, wọn ò ní sọ èyí tí àwa àti òyìnbó kì í lò bákan náà.

Tí o bá ń kọ ìròyìn sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ lóru, má kọ "went off" nípa àláàmù rárá. Kọ "it rang", tàbí "it stopped working". Hítà tó bá go off, ó kú ni o, kì í ké; má bi mí nídìí. Má fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n sáré kà sí ọ létí; gbà á, kà á fúnra rẹ. Jọ̀ọ́, "off the light" náà, "turn off" ni kó o máa sọ níbẹ̀. Sọ fún nọ́ọ̀sì pé màmá ò fẹ́ ẹja mọ́, torí wọ́n máa ń fẹ́ mọ̀ tí oúnjẹ àgbàlagbà bá yí padà.

Tí ẹnìkan ní Amẹ́ríkà bá wá sọ fún ọ pé ọ̀gá òun "went off on" òun, ìyẹn tún yàtọ̀: ọ̀gá fi èébú wẹ̀ ẹ́ ni.