Akápò, Àpò Ta Ni?

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi. Ọmọ mẹ́ta ló bí, ọkọ rẹ̀ ń wa mọ́tò fún onímọ́tò. Gbèsè 549,000 náírà ló wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì tò ó sílẹ̀ bí ẹni ń pàtẹ ọjà: kọpuréétìfù 300,000, ayánilówó orí fóònù kan 50,000, èkejì 85,000, ìyá aláṣọ 64,000, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin 50,000. Tí kọpuréétìfù bá ti yọ tiwọn nínú owó oṣù, tó sì gba owó àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní ìrọ̀lẹ́, 126,000 ló ń kù sí i lọ́wọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ló bi mí. Ṣé kí òun yọ ẹyin kúrò nínú oúnjẹ àwọn ọmọ? Ṣé kí òun pa gáàsì tì, kí òun padà sídìí èédú? Ṣé gbèsè kékeré ni kí òun kọ́kọ́ san ni, àbí ńlá? Ó pe ara rẹ̀ ní "Ọmọ Gbèsè".

Ọmọ Gbèsè, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Ojú ewé mẹ́rin. O fi ìpínrọ̀ kan gbáko sọ̀rọ̀ ẹyin. O fi òmíràn sọ iye tí wọ́n ń ta àpò èédú ní Bódìjà. Nígbà tó wá di ìsàlẹ̀ ojú ewé kẹta, o fi gbólóhùn kan há sáàárín gáàsì àti owó ọkọ̀: "Èmi ni akápò ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àdúgbò wa, mo máa ń yá díẹ̀ nínú owó tó wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mo máa ń dá a padà kí ọjọ́ ìpàdé tó pé." Bí o ṣe sọ ìyẹn tán báyìí, o ti bọ́ sórí owó ọkọ̀.

O máa ń yá a. Lọ́wọ́ ta ni? Ẹni tó bá yá owó, ọwọ́ ẹnìkan ló ti tọrọ rẹ̀, ẹni náà ló sì ní kó máa mú un lọ. Ọmọ mi kékeré náà sọ fún mi nígbà kan pé òun "yá" ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀ ni. Mo nà án.

O sọ ní ojú ewé kejì pé oṣooṣù lo ń yá 50,000 lórí fóònù, "bó bá ku ọ̀la kí ìpàdé pé", pé 43,000 ló ń wọlé sí ọ lọ́wọ́, tí wọ́n á sì gba 50,000 wọn pé lẹ́yìn ọjọ́ 14. O sọ ní ojú ewé kẹta pé ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù lẹ ń ṣe ìpàdé. Ó dà bíi pé o rò pé mi ò ní gbé ojú ewé kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kẹta.

Ní alẹ́ Sátidé, o tẹ fóònù, owó wọlé, o gbà á lọ́dọ̀ oní-POS, o fi 7,000 nínú owó oṣù rẹ kún un kó lè pé, o dì í mọ́ ìyókù nínú ọ̀rá dúdú, o fi rọ́bà so ó lẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì o gbé e kalẹ̀ níwájú ẹgbẹ́. Wọ́n kà á, ó pé, wọ́n ṣàdúrà fún ọ, wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹni bíi tìẹ wọ́n láwùjọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, o tú rọ́bà, o yọ 50,000, o fi san ti fóònù. Ọ̀rá náà á wá fẹ́lẹ́ títí di Sátidé tó tún kẹ́yìn oṣù. Owó tí ẹgbẹ́ ń rí lọ́jọ́ ìpàdé, owó àfihàn ni. Gbèsè kan ṣoṣo ni, aṣọ méjì ló ń pààrọ̀: tó bá bọ́ ti ẹgbẹ́ sílẹ̀, á gbé ti fóònù wọ̀.

O ní láti ìgbà Àjíǹde lo ti ń ṣe é, oṣù Kẹjọ lo sì kọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún nìyẹn: 35,000. Tó bá pé ọdún á di 84,000, 50,000 náà á sì jókòó síbi tó wà, kọ́bọ̀ ò ní yọ lára rẹ̀. O wá ń bi mí léèrè ẹyin. Ẹ̀tẹ̀ lo fi sílẹ̀ tí o ń pa làpálàpá.

Síbẹ̀, ìyẹn kọ́ ló mú mi pariwo tí àwọn ará ilé fi sáré wá wò mí. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni: "Ẹgbẹ́ wa máa ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó, náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún fún oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti tọrọ, nítorí èmi ni akápò." Mo gbé lẹ́tà sílẹ̀, mo lọ bu omi mu.

Tí o bá yá 50,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ní gbangba, 2,500 lèlé rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Èyí tí ò ń fi fóònù bo ẹgbẹ́ lójú, 21,000 ló ń ná ọ ní oṣù mẹ́ta kan náà. Ojútì ló ń gba ìyókù. O ò rí 500 fún ẹyin, ṣùgbọ́n o rí 7,000 lóṣù san fún ojútì.

Ó ní ìdí tí ara mi ò fi gba èyí. Ìyá mi náà ṣe akápò rí, ẹgbẹ́ àwọn aláta ní ìlú wa. Inú agolo mílíìkì ńlá ni wọ́n ń kó owó sí, abẹ́ àkéte ìyá mi ni agolo náà ń gbé. Ìwé kẹrin ni mo wà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, kí oòrùn tó yọ, obìnrin márùn-ún wọlé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Wọn ò pariwo, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú wọn gbé igbá ẹ̀gúsí lé itan, ó ń bó o. Igbá yẹn kò kúrò lójú mi títí dòní. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ dání wá gba gbèsè, ó ti mọ̀ pé òun máa pẹ́. À máa ń fi àwọn òṣómàáló ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà, àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè tí wọn ò ní dìde àfi tí wọ́n bá gbowó wọn. Lọ́jọ́ yẹn n kò rí ẹ̀rín kankan nínú rẹ̀. Ìyá mi fi ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ṣe wọ́n lálejò, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n dúpẹ́, wọ́n padà jókòó. Pà, pà, ni ẹ̀gúsí ń ró títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí wọ́n lọ, ìyá mi ní kí n gbá èèpo ẹ̀gúsí kúrò nílẹ̀, ohùn rẹ̀ ò sì jọ ohùn rẹ̀.

Ó ta aṣọ sányán ìgbéyàwó rẹ̀ fi dí agolo. Kì í ṣe aṣọ náà ló dùn ún títí ó fi kú o. Ohun tí ìyá ẹgbẹ́ sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń lọ ni: "Ká ní o wí fún wa ni, ṣebí à bá ti yá ọ."

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi ẹyin sílẹ̀. Lọ sílé alága yín. Má kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, má sì jẹ́ kó di ọjọ́ ìpàdé. Gbé ìwé owó dání, gbé ọ̀rá dání, kí o sì sọ iye rẹ̀. "Díẹ̀" kọ́, 50,000 ni. Ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀yáwó tìẹ pẹ̀lú èlé rẹ̀, kí o sì fi ọ̀rá náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí o tó kúrò níbẹ̀. Wọ́n lè gba ipò akápò lọ́wọ́ rẹ. Ìyẹn gan-an á ṣe ọ́ lóore. Àwọn kan á fi ọ́ sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọn ò ní gbé ẹ̀gúsí wá bó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ lójú àwọn ọmọ rẹ. (Ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré lo dárúkọ rẹ̀ nínú ojú ewé mẹ́rin. Ìyẹn á gba lẹ́tà mìíràn.)

Ìyókù ò le. Ti ayánilówó orí fóònù kejì, 85,000 yẹn, ni kí o kọ́kọ́ san, nítorí òun ni èlé rẹ̀ ń jẹ ọ́ jù. Kò kàn mí bó kéré bó tóbi. Kọpuréétìfù ń san ara rẹ̀ láti orísun, má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n rẹ lè dúró, ṣùgbọ́n lọ sọ fún un pé kó dúró. Má jẹ́ kó máa rò pé o ti gbàgbé. Ní ti èédú, má dáná èédú nínú yàrá tí kò ní atẹ́gùn, ó ń pa odindi ìdílé mọ́jú. Fíríìsà tó ti wà ní kọ́rídọ̀ fún ọdún méjì tí kò tíì rí iná, tí o ní aṣọ lo ń kó sí i, aṣọ wo ló wà níbẹ̀? Aṣọ ẹgbẹ́ márùn-ún tí ìyá aláṣọ ń torí rẹ̀ bèèrè 64,000, tí mẹ́ta nínú wọn ò tíì rí télọ̀! Dá mẹ́ta yẹn padà fún un bí wọ́n ṣe wà. Ta fíríìsà. Kí ẹnikẹ́ni má sì tún fi àǹkárá hàn ọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀. Ní kí wọ́n rí ọ nínú aṣọ tí o ti ní.

Mi ò sọ pé o ń ná ìnákúnàá. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ lórí epo, gbogbo wa la mọ ohun tí owó ọkọ̀ ń fi ojú wa rí. Wọ́n sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 ní 2024, ọjà ti sá síwájú kí owó náà tó dé. 126,000 kò tó ẹni márùn-ún, n kò sì ní parọ́ fún ọ pé ṣíṣọ́ owó ná á sọ ọ́ di èyí tó tó. Ìdí tí 7,000 yẹn fi ń ká mi lára nìyẹn. Àwọn bàbá wa pe kọpuréétìfù ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: èèyàn á jẹ, á sì ṣẹ́kù. Ìwọ, èyí tó ṣẹ́kù fún ẹlòmíràn lò ń jẹ.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, o tún béèrè bóyá kí o yí síìmù padà kí o sì ṣí àkáǹtì tuntun, nítorí àwọn ti fóònù kejì ń lérí pé àwọn á kọ̀wé sí gbogbo ẹni tí o mọ̀. Láti 2020 ni báńkì àpapọ̀ ti gbà kí àwọn báńkì yọ gbèsè wọn nínú àkáǹtì yòówù tí BVN onígbèsè bá wà lórí rẹ̀, nítorí náà má gbọ́kàn lé e pé àkáǹtì tuntun á bò ọ́ mọ́lẹ̀. Ní ti ìlérí wọn, òfin tí FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, gbé kalẹ̀ ní 2022 kò gba ayánilówó orí fóònù láyè láti máa fi gbèsè ẹni dójú ti ẹni lọ́dọ̀ àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀. Wọ́n tún fún okùn náà le ní 2025. Tọ́jú gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí ọ, kí o fi ẹjọ́ wọn sùn. Wàá sì san owó wọn.

Ṣùgbọ́n má yí síìmù. Tí alága bá ti ronú sí i tán, nọ́ńbà tó ní lọ́wọ́ náà ni yóò pè.