Irun ajá àti ológbò ti pa húfà wa: èwo ni ká rà?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Manchester ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ajá Labrador kan àti ológbò kan ni a ní nílé, irun àwọn méjèèjì sì ń já bí ìgbà tí igi bá ń wọ́wé. Húfà wa, ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí nílẹ̀, èyí tó máa ń dá dúró lóòró, tí a rà ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, kò fa nǹkan gidi mọ́. Tí mo bá ti tàn án, gbogbo yàrá á máa rùn bí ajá tí òjò pa, ara rẹ̀ á sì gbóná. Ọkọ mi ní ká ra èyí tí kò ní wáyà. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní róbọ́ọ̀tì ni ká rà. Àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, ní asímà. Kápẹ́ẹ̀tì ló wà lórí àtẹ̀gùn àti ní gbogbo yàrá òkè. Owó tí a lè ná kò ju 250 pọ́ọ̀nù lọ. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká rà?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìtọ́jú ilé o, mà. Ọlọ́run á fún ọmọ yín ní àlàáfíà. Tí kì í bá ṣe ti asímà rẹ̀ ni, ìdáhùn mi ì bá kúrú. Torí tirẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ là á yé yín dáadáa.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń tún húfà ṣe ní London níbí. Tí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ, ẹ má gbàgbé èyí: nígbà tí ẹ bá dé ọjà, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo ẹnu rẹ̀. Kò sí húfà tí kì í fa nǹkan wọlé. Àmọ́ afẹ́fẹ́ tó fà wọlé yẹn gbọ́dọ̀ padà jáde sínú yàrá, ohunkóhun tó bá sì bá a jáde ni ọmọ yín máa mí sínú.

Kí ẹ tó náwó, ṣé ó dá yín lójú pé èyí tó wà nílé ti kú? Ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé ó ti kú, irun ló kàn há a lọ́fun. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì lára ògiri. Ẹ yọ rọ́bà gígùn rẹ̀, ẹ gbé e sókè ṣánṣán, kí ẹ ju owó ẹyọ kan sínú rẹ̀. Tí owó náà kò bá já bọ́ nísàlẹ̀, nǹkan ti dí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí ibi tí asẹ́ rẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ilé ni mo mọ̀ tí wọn kò mọ̀ rárá pé húfà wọn ní asẹ́ tó yẹ kí wọ́n máa fọ̀. Tó bá ti dúdú tó sì le gbagidi, ibẹ̀ ni òórùn yẹn ti ń wá: irun, ìdọ̀tí ara àti ọ̀rinrin ló jọ ń rà síbẹ̀, tí ooru ẹ́ńjìnì sì ń gbé e káàkiri.

Ẹ wá da ẹ̀rọ náà dé kí ẹ rí abẹ́ rẹ̀, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí wà. Ọ̀kan tí mo ṣí láìpẹ́ yìí ya èmi pàápàá lẹ́nu. Irun ajá ti yí mọ́ búrọ́ọ̀ṣì náà bí òwú ṣe ń yí mọ́ ìrànwú, ipele lórí ipele, títí ọwọ́ kò fi lè kan irun búrọ́ọ̀ṣì gan-an mọ́. Mo fi ọ̀bẹ là á ní gbọọrọ, ó sì ṣí kúrò lódidi bí èèpo igi. Lábẹ́ irun ajá náà ni mo ti bá ohun tó di gbogbo rẹ̀ pa: irun àtàṣímẹ́ǹtì, dúdú, gígùn, kò já. Ó ti wọ inú ìdí búrọ́ọ̀ṣì níbi tó ti ń yí. Ike ibẹ̀ ti gbóná títí ó fi yọ́, tó sì lẹ̀ mọ́ irin. Irun ajá kì í sábà pa húfà tó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Nílé tiwa, àwa tí a máa ń jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì dirun fọ́mọ ní ọjọ́ Sátidé, àtàṣímẹ́ǹtì ló ń fún un lókùn tó fi ń so ara rẹ̀ pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣa ìyẹn nílẹ̀ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ tú irun náà kúrò, kí ẹ fọ asẹ́ rẹ̀, kó sì padà máa fà bí ìgbà tó wà ní titun. Síbẹ̀, màá ṣì ní kí ẹ ra òmíràn, nítorí ọmọ.

Ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé irun ẹran ọ̀sìn ló ń da ọmọ alásímà láàmú. Irun kọ́ gan-an. Èròjà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Fel d 1, inú itọ́ ológbò àti ọ̀rá awọ ara rẹ̀ ló ń gbé. Ẹ máa ń rí i bí ológbò ṣe ń lá ara rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Itọ́ yẹn á gbẹ mọ́ irun, á bó kúrò ní èérún tí ojú kò lè rí, á sì máa fò kiri inú yàrá fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ajá náà ní tirẹ̀, Can f 1 ni wọ́n ń pè é. Èérún wọ̀nyí ni húfà burúkú ń fà látinú kápẹ́ẹ̀tì, tó sì ń tú jáde lẹ́yìn sí gíga ibi tí imú ọmọ ọdún mẹ́fà wà. Irun lásán ló kù nínú ike rẹ̀. Ẹ óò rò pé ilé ti mọ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tí orúkọ húfà ti wá mọ ọ̀rọ̀ yìí lára. James Murray Spangler lorúkọ rẹ̀, ó ń gbálẹ̀ ní ilé ìtajà kan ní ìlú Canton ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, asímà sì ń bá a jà. Eruku tí ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ ń tú ká kò jẹ́ kó lè mí. Ó mú ẹ́ńjìnì fáànù, ọ̀pá ìgbálẹ̀ àti àpò ìrọ̀rí, ó so wọ́n pọ̀. Àpò ìrọ̀rí yẹn ló fi gba eruku. Ọdún 1908 ni wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ó sì ta á fún William Hoover, ẹni tí gbogbo wa ń pe orúkọ rẹ̀ dòní. Àpò yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ padà sí.

Èyí tó ní báàgì ni kí ẹ rà, mà. Mo mọ̀ pé ike tí kò ní báàgì ló pọ̀ lọ́jà, ó sì dára lójú pé ẹnì kan kò ní máa ra báàgì. Àmọ́ ẹ rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ dà á nù. Ẹ ṣí i lórí gáàbéèjì, irun há sínú rẹ̀, ẹ tì í lọ́wọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n, ìkùukùu eruku sì bo yín lójú. Gbogbo ohun tí ẹ kó láti òwúrọ̀ ti padà sínú afẹ́fẹ́ nìyẹn. Báàgì máa ń pa ẹnu dé, ẹ kàn yọ ọ́ ni, ẹ sọ ọ́ nù. Báàgì gan-an tún jẹ́ asẹ́ àkọ́kọ́, asẹ́ tí ẹ ń pààrọ̀ ní tuntun nígbà gbogbo.

Lẹ́yìn báàgì, ẹ wá asẹ́ HEPA, kí wọ́n kọ H13 sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ń mú ó kéré tán 99.95 nínú 100 àwọn èérún tó ṣòro jù lọ láti mú. Ẹ ṣọ́ra níbí o. Àwọn kan máa ń kọ "irú HEPA" tàbí "bíi HEPA" sára páálí. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ tún bèèrè bóyá odindi ẹ̀rọ ni wọ́n dí pa, kì í ṣe asẹ́ nìkan. Kí ni àǹfààní asẹ́ tó dára tí afẹ́fẹ́ bá ń rí àlàfo gbà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Bí ẹ̀rọ bá wà nítòsí yín tó ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, ẹ ṣí ibi tí asẹ́ ẹ̀yìn ń jókòó, kí ẹ fi aṣọ funfun nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí eruku bá wà lẹ́yìn asẹ́, ó ń jò.

Wáàtì kò yẹ kó dà yín láàmú. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, òfin European Union kò gba húfà ilé tó bá tó 900 wáàtì mọ́. Britain ṣì wà nínú ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn, ó sì di òfin náà mú lẹ́yìn tó jáde. Iná tí ẹ̀rọ ń jẹ ni wáàtì ń sọ, kì í ṣe agbára tó fi ń fà. Henry, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Chard ní Somerset, tí wọ́n ya ojú àti ẹ̀rín sí lára, kì í jẹ ju 620 wáàtì lọ, ó sì ń fa kápẹ́ẹ̀tì bó ṣe yẹ.

Búrọ́ọ̀ṣì ló kù tó ṣe pàtàkì. Irun ajá máa ń hun ara rẹ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ nìkan kò lè fà á jáde, ó nílò búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí kó kọ́kọ́ ya á. Ẹ wá èyí tí ẹ lè tú ìdí rẹ̀ fúnra yín láìlo irinṣẹ́. Èyí tí afẹ́fẹ́ ń yí kò wọ́n, àmọ́ ó máa ń rọ̀ tí báàgì bá ti fẹ́ kún. Èyí tó ní ẹ́ńjìnì tirẹ̀ ló dára jù bí owó bá tó o. Ẹ rí i dájú pé wọ́n fún yín ní búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó ń yí mọ́ ọn, nítorí òun ni ẹ óò máa lò lórí àtẹ̀gùn àti àga. Tí kápẹ́ẹ̀tì yín bá jẹ́ ti irun àgùntàn tó ní ojóbó, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí kàn án, á fà á tú.

Ọ̀rọ̀ ọkọ yín kò burú. Èyí tí kò ní wáyà fúyẹ́, ó sì dùn ún mú nígbà tí ajá bá gbọnra sí ẹnu ọ̀nà. Àmọ́ ike rẹ̀ kéré, irun ajá Labrador kan á kún inú rẹ̀ kí ẹ tó parí yàrá kan. Tí ẹ bá tẹ agbára rẹ̀ dé òpin, ọ̀pọ̀ wọn kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bátìrì rẹ̀ náà ń darúgbó, owó kékeré sì kọ́ ni wọ́n ń ta òmíràn. Tí owó bá tún yọ lẹ́yìn ọ̀la, ẹ rà á kún un, kí ẹ sì ra èyí tí bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ.

Ti róbọ́ọ̀tì, kò lè gun àtẹ̀gùn, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà yín wà. Tí ajá bá ṣàṣìṣe yàgbẹ́ sílẹ̀ lóru, ọ̀pọ̀ róbọ́ọ̀tì kò ní mọ̀. Á wọ inú rẹ̀, á sì fi kun kápẹ́ẹ̀tì láti yàrá dé yàrá. Mo ti fọ irú rẹ̀ rí. N kò gba aláìsàn asímà nímọ̀ràn pé kó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ohun tí èmi máa rà tó bá jẹ́ ilé mi ni húfà oníbáàgì tó ní àgbá lórí tàyà, èyí tí à ń fà lẹ́yìn kiri ilé. Ó rọrùn láti gbé e lé orí àtẹ̀gùn ju èyí tó ń dá dúró lọ. Ilé iṣẹ́ Miele ti Jámánì ní irú kan tí wọ́n ń pè ní Cat & Dog. Tí wọ́n bá fi í hàn yín, ẹ bèèrè asẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Asẹ́ eléèédú ni wọ́n sábà ń fi sí i, òórùn ni èédú ń gbà, kì í gba èròjà asímà bíi HEPA. Ẹ ní kí wọ́n fi HEPA rọ́pò rẹ̀. Tuntun rẹ̀ lè kọjá owó yín. Ẹ wá ṣọ́ọ̀bù tó ń tún húfà ṣe ládùúgbò yín, ọ̀pọ̀ wa máa ń ta èyí tí a ti tún ṣe pẹ̀lú ìdánilójú. Henry náà kì í jáni kulẹ̀, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì wọ́n, àmọ́ báàgì àti asẹ́ tó dára jù ni kí ẹ ní kí wọ́n fi sínú rẹ̀.

Tí ẹ bá rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin fún yín ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti fagi lé e láìsọ ìdí. Tó bá ní àbùkù, ọjọ́ ọgbọ̀n ni ẹ ní láti dá a padà gba gbogbo owó yín, yálà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti rà á tàbí ní ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tó bá délé, kí àbíkẹ́yìn má wà nínú yàrá tí ẹ bá ń lò ó, ẹ ṣí fèrèsé, kí ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé. Ẹ máa rìn ín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, lọ síwájú àti lọ sí ẹ̀gbẹ́, torí irun kì í dojú kọ ibì kan. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé irun tó yí mọ́ búrọ́ọ̀ṣì. Asẹ́ tí wọ́n bá ní ó ṣeé fọ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún odindi ọjọ́ kan kí ẹ tó dá a padà. Ọ̀rinrin inú asẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ òórùn. Ẹ má da páúdà olóòórùn dídùn sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń dí asẹ́, ó sì lè mú ọmọ yín wúkọ́. Tí eégbọn tí ń fò bá wọlé, ẹ kọ́kọ́ fa kápẹ́ẹ̀tì dáadáa kí ẹ tó fọ́n oògùn: gbígbọ̀n tí ẹ̀rọ ń gbọ̀n máa ń jí àwọn ọmọ eégbọn tó ṣì wà nínú ìdì tí wọ́n fi bo ara wọn, kí oògùn lè bá wọn níta. Báàgì ọjọ́ yẹn, ẹ gbé e jáde kúrò nílé lójú ẹsẹ̀.

Èyí àtijọ́, tó bá jẹ́ pé irun ló há a tó sì ti jí, ẹ máa lò ó fún mọ́tò àti ibi tí ajá ń sùn nísàlẹ̀. Kí ó má gun òkè mọ́.