Ta ló máa jẹ èrè gáàsì: ẹni tó ni ọkọ̀ àbí awakọ̀?

Sà, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ fi díẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì yín ra dánfó, kí ẹ yí i sí gáàsì CNG (gáàsì tí wọ́n ń fún mọ́ inú sílińdà, tí ọkọ̀ fi ń rìn dípò epo), kí ẹ sì gbé e fún awakọ̀. Mo ní méjì tó ń ná Ìkòròdú sí Ọjọ́ta. Wọ́n ń pawó, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí owó náà ń gbà.

Kí Tinubu tó kéde lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo kò tó 200 náírà l'Ékòó. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá 2024, ó ti súnmọ́ 1,000. Nígbà náà, gáàsì ń lọ ní 230 náírà fún scm kan (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ta gáàsì bí a ṣe ń fi lítà ta epo), scm kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọkọ̀ rìn tó lítà epo kan. Ìṣirò yìí ló ń dá itọ́ sí gbogbo wa lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ta ló ń ra epo? Ní gáréèjì wa, awakọ̀ ni. Iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí ló ń jíṣẹ́ fún yín lójoojúmọ́, èyí tó bá ṣẹ́kù lórí epo, tirẹ̀ ni. Bí ẹ bá dá owó sílińdà san láìtún àdéhùn ṣe, awakọ̀ lẹ bá ṣe é. Kí n tó yí tèmi, mo pe awakọ̀ mi jókòó lábẹ́ àtíbàbà mẹkáníìkì, mo ní kó fi kún owó ìjíṣẹ́. Ó ní, “Alàgbà, wákàtí tí mo bá fi tò fún gáàsì ńkọ́? Ta ló máa san án?” Òótọ́ ló sọ. Ẹnu ọmọ náà mú, ṣùgbọ́n kì í purọ́. A wá fi í sí pé lọ́jọ́ tó bá rí gáàsì, yóò fi kún un. Lọ́jọ́ tí kò bá rí, iye àtijọ́ ni. Ó ń ya fọ́tò rìsíìtì ránṣẹ́ sí mi.

Rírí gáàsì gan-an, iṣẹ́ ni. Sílińdà 60 lítà yẹ kó gba nǹkan bí 12 sí 15 scm, bí wọ́n bá fún un dé 200 bar, ìyẹn ìwọ̀n bí gáàsì ṣe le tó nínú sílińdà. Bí ọkọ̀ bá ti pọ̀ lórí ìlà, tí agbára ẹ̀rọ wálẹ̀, wọ́n á ní ó ti kún nígbà tó dé ìdajì. Iná aláwọ̀ ewé mẹ́rin tó ń fi bí gáàsì ṣe kù hàn wà lára súìṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdarí ọkọ̀. Awakọ̀ tó bá kúrò ní ibùdó pẹ̀lú iná méjì, epo ni yóò fi parí ọ̀sán. Nítorí náà, ibùdó tó wà lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ yín yóò máa ná ni kí ẹ kà, kì í ṣe èyí tí wọ́n tò sínú ìwé ìròyìn.

Bí ẹ bá máa ra èyí tí wọ́n ti yí, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo sílińdà tó wà lẹ́yìn ìjókòó ìkẹyìn. Ní oṣù Kẹwàá 2024, sílińdà kan tí wọ́n jó pọ̀ bú gbàmù ní ìlú Benin níbi tí wọ́n ti ń fún un ní gáàsì. Ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin náà àti ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Bí ẹ bá rí ojú ibi tí wẹ́dà ti fọwọ́ kàn án, ẹ máa lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí epo tán pátápátá nínú táńkì o, epo ni ọkọ̀ fi ń tàn kó tó bọ́ sórí gáàsì. Bí epo bá gbẹ, pọ́ńpù epo á jó.

Ní ti àwọn tó ní kí ẹ kówó wá kí wọ́n fi ra kẹ̀kẹ́ Márúwá oníbátìrì, tí wọ́n á máa san èlé fún yín lóṣooṣù bó ṣiṣẹ́ bí kò ṣiṣẹ́: sà, ẹ sá. Ẹ béèrè ìforúkọsílẹ̀ wọn lọ́dọ̀ SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn tó ń gba owó ìdókòwò lọ́wọ́ ará ìlú, ẹ ó rí bí wọn kò ṣe ní gbé fóònù mọ́.

Ní 2025 àwọn ibùdó kan ti gbé gáàsì kúrò lórí 230 yẹn. 400 ni kí ẹ fi ṣírò. Bó bá ṣì mú èrè wá, ẹ ya fọ́tò sílińdà náà fún mi kí ẹ tó sanwó.