Àbúrò mi tó ń bi wá bóyá kí òun wọ yunifásítì tàbí kí òun lọ kọ́ṣẹ́

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ kí n tó lè dáhùn. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ parí SS3 ní Àkúrẹ́ níbí, o gba 198 nínú 400 nínú JAMB, o sì ń retí èsì WAEC. Màmá rẹ tí wọ́n ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba ní dandan, ọdún yìí ni wàá wọ yunifásítì, kódà bó bá gba kí àwọn yá owó. Ẹ̀gbọ́n màmá rẹ ní kí o máa bọ̀ l'Ékòó wá kọ́ iṣẹ́ títún fóònù ṣe, nítorí àwọn tó kàwé pọ̀ nílé tí wọn ò ríṣẹ́. O wá ní kí àwa tí a ti ṣáájú sọ èyí tí o máa ṣe.

Àwọn kan ti sọ fún ọ pé ìwé nìkan ló ń gbé ọmọ tálákà ga. Àwọn mìíràn ní ìwé kò lérè mọ́. Èmi ti ṣe méjèèjì. Mo kàwé, wọ́n lé mi. Mo kọ́ṣẹ́, mo jẹun níbẹ̀. Mo tún padà lọ kàwé nígbà tí mo ti ní ìyàwó àti ọmọ méjì. Nítorí náà, jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, kí o wá mú èyí tó bá wúlò fún ọ níbẹ̀.

Ìlú Oǹdó ni wọ́n bí mi sí. Mo jáde ilé ìwé girama ní 2001, mo sì ní kírẹ́díìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀. JAMB àkọ́kọ́ kò bọ́ sí i. Nígbà tí ó fi máa di 2003, gbogbo àwọn tí a jọ jáde ti lọ, ojú ti ń tì mí láti gba iwájú ilé kọjá. Ilé ìwé gíga kan wá gbà mí lọ́dún náà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù, ẹ̀kọ́ mìíràn pátápátá ni wọ́n fún mi, èyí tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí títí di ọjọ́ tí mo bá orúkọ mi lábẹ́ rẹ̀ lára pátákó. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ ẹ. Èmi náà ò bi ara mi.

Bàbá mi ní oko kòkó lọ́nà Ìdànrè. Wọ́n fi apá kan rẹ̀ dógò fún ọkùnrin kan, pé kí ó máa ká èso rẹ̀ títí owó rẹ̀ á fi pé. Mo wà nílé lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kó owó náà dé. Orí ẹní ni wọ́n ti kà á, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà, wọ́n fi rọ́bà dì í ní ìdì ìdì. Àtàǹpàkò wọn ṣì dúdú fún íńkì tí wọ́n fi tẹ ìwé àdéhùn. Wọ́n ń nù ún mọ́ ṣòkòtò wọn, kò lọ. Wọ́n ti owó náà sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní, "Gbà, lọ kàwé." Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 2005, èsì mi ti bàjẹ́ débi pé ilé ìwé náà ní kí n máa lọ. N kò lè sọ ọ́ nílé. Fún bí ọdún kan gbáko, mo ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ bàbá mi, mo ń jí láàárọ̀, mo ń gbé ìwé dání jáde nínú yàrá tí mo háyà, mo sì ń lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi kan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọmọ àdúgbò wa kan tó wọlé síbẹ̀ ló wá mi lọ sí ẹ̀ka wa, wọ́n ní kò sí orúkọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn mọ́. Bí bàbá mi ṣe gbọ́ nìyẹn.

Wọn ò nà mí, wọn ò bú mi. Wọ́n ní kí n bá àwọn lọ sóko lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí a dé ìpín tí wọ́n fi dógò, àwọn alágbàṣe ọkùnrin yẹn ló ń já kòkó níbẹ̀. Bàbá mi kí wọn pé wọ́n kú iṣẹ́, a sì kọjá lọ sí èyí tó kù. A ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, wọn ò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan títí a fi délé.

Àbúrò, ilé ìwé kọ́ ló ba ayé mi jẹ́ nígbà náà. Ìtìjú ló gbé mi wọ ẹ̀kọ́ tí n kò yàn, pẹ̀lú owó tí ilé wa ò ní. Ìdí nìyí tí ohun kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ fi ká mi lára. Màmá rẹ dárúkọ yunifásítì. Ẹ̀gbọ́n wọn dárúkọ iṣẹ́ fóònù. Ìwọ tí o kọ ọ̀rọ̀ gígùn tó báyìí, o kò dárúkọ ẹ̀kọ́ kankan. Kí ni o fẹ́ lọ kà gan-an?

Ní 2006 mo wá sí Àkúrẹ́, mo lọ kọ́ iṣẹ́ fíríìjì àti AC lọ́nà Ìjọ̀kà. Ọ̀gá mi kò kàwé kọjá mọ́dà, ṣùgbọ́n wọn á gbé etí wọn lé ara kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, wọn á ní, "Èyí ti kú," kí a tó tú nǹkan kan. Fún oṣù mẹ́fà, páìpù bàbà nìkan ni wọ́n jẹ́ kí n fọwọ́ kàn. Màá gé e, màá fẹ ẹnu rẹ̀ kí ó lè jókòó dáadáa lábẹ́ nọ́ọ̀tì. Bí etí rẹ̀ bá là báyìí, bó ti wù kó kéré tó, wọ́n á ní kí n gé òmíràn. Tí a bá jó páìpù pọ̀ tán, a ó po ọṣẹ, a ó fi kànrìnkàn kùn ún yí ojú ibẹ̀ ká, a ó dúró wò ó. Bí ọṣẹ bá ń hó lójú kan, gáàsì ń jò níbẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ràn ìdúró wò yẹn. Ohun àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé mi tí ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn rẹ̀ nìyẹn.

Mo gba fíríìdọ̀mù ní 2009. Iṣẹ́ náà bọ́ mi, ó gbé mi níyàwó, òun náà ni mo fi gba oko bàbá mi padà kí wọ́n tó kú. Nítorí náà, n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ínrín iṣẹ́ ọwọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí náà. Ilé iṣẹ́ ńlá kan wà l'Álágbàká tí mo ti ń bá tún AC ṣe fún ọdún méjì, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní 2016 wọ́n fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo lọ́dọọdún. Wọ́n ní kí n mú sátífíkéètì wá. Ìwé fíríìdọ̀mù mi tí mo fi gíláàsì bò lára ògiri ni mo tú sílẹ̀ gbé lọ. Akọ̀wé náà kà á, ó yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó dá a padà fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹlòmíràn ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Kò pé oṣù méjì tí onítọ̀hún fi pè mí pé kí n wá bá òun ṣe é. Èmi ni mo ń gun àkàbà, òun ló ń gba owó. Mo ṣe é, nítorí owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi dúró.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo gba fọ́ọ̀mù ND, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní políì, ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Èsì WAEC 2001 yẹn ni mo fi wọlé, lẹ́yìn ọdún 16. Èsì WAEC kì í gbó. Ti JAMB ọdún kan péré ló ń lò. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mú dání nìyẹn: ohunkóhun tó wù kí o pinnu, parí ọ̀rọ̀ WAEC. Kírẹ́díìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá já, NECO wà, GCE wà, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló ń gba ìjókòó méjì. Má ṣe bá ẹnikẹ́ni lọ sí Èkó pẹ̀lú èsì tó lábùkù, pé wàá padà wá tún un ṣe. Ó ṣòro kí o tó tún un ṣe.

Ní kíláàsì lọ́jọ́ kan, olùkọ́ ya bí gáàsì ṣe ń yí po sójú pátákó: bó ṣe ń di afẹ́fẹ́ nínú ilé tó ń gba ooru, tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á tì í, tí á lọ da ooru náà síta, tí á tún di omi. Mo jókòó síbẹ̀, ẹni ọdún 33, omi bọ́ lójú mi. Ohun tí ọ̀gá mi ń fi etí gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n, n kò mọ ìdí rẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tìrẹ. Kì í ṣe FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, nìkan ló wà nítòsí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ọmọ Àkúrẹ́ máa ń wò. Yunifásítì AAUA wà l'Ákùngbá, yunifásítì Adéyẹmí àti UNIMED wà l'Óǹdó, políì wà l'Ọ́wọ̀. Fún ọmọ tí owó ilé wọn kò tó, mo fẹ́ràn ọ̀nà ND. Ọdún méjì, ohun kan ti wà lọ́wọ́ rẹ. Bí agbára rẹ bá ká a, o lè ṣe IT (ìdánrawò níbi iṣẹ́) fún ọdún kan kí o wá ṣe HND, ìwé ẹ̀rí políì tó ga ju ND lọ, fún ọdún méjì, tàbí kí o fi ND gba dáírẹ́ẹ̀tì wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Ọdún méjì tí èmi lò ní yunifásítì kò fún mi ní bébà kan ṣoṣo. N kò ní purọ́ fún ọ, àwọn ibi iṣẹ́ kan ṣì wà tí wọn kì í ka HND sí dọ́gba pẹ̀lú dígírì, yóò sì dùn ọ́ lọ́jọ́ tí o bá bá a pàdé.

Bó bá jẹ́ yunifásítì ìjọba lo lọ, fi ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì kún ìṣirò rẹ. Ní 2020, láti oṣù kẹta títí di oṣù kejìlá. Ní 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di àárín oṣù kẹwàá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lo ọdún méje nídìí ẹ̀kọ́ ọdún márùn-ún. Ṣọ́ọ̀bù mi ló wà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n tilẹ̀kùn yẹn, iṣẹ́ tó kọ́ níbẹ̀ ló sì fi san owó yàrá rẹ̀ nígbà tó padà.

Tí ilé ìwé bá fún ọ ní ẹ̀kọ́ tí o kò kọ, ìgbà yín sàn ju tiwa lọ. CAPS, ibi tí wọ́n ti ń fi ìgbaniwọlé hàn ọ́, wà lórí ìkànnì JAMB, ìwọ ni wàá tẹ̀ ẹ́ pé o gbà tàbí o kọ̀. Jókòó ti ẹni tó ń bá ọ tẹ kọ̀ǹpútà ní káfè, má ṣe jẹ́ kí ó bá ọ gbà á kí o tó mọ ohun tó jẹ́.

Màmá rẹ kò gbọ́dọ̀ yá owó èlé. Láti 2024 ni owó àyálò NELFUND ti wà fún àwọn ọmọ ilé ìwé gíga ìjọba. Ilé ìwé ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ. Kò lélé, ó di ọdún méjì lẹ́yìn tí o bá sìnrú ìlú (NYSC) tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Wàá nílò NIN àti BVN. Gbèsè ni o, ṣùgbọ́n gbèsè tí kò ní kan ọjà ìyá rẹ.

Ní ti ẹ̀gbọ́n màmá rẹ, n kò fura sí wọn. Béèrè lọ́wọ́ wọn: ọdún mélòó, ta ni ọ̀gá, ṣé ìwé àdéhùn á wà, níbo ni wàá máa sùn, ṣé wọ́n á jẹ́ kí o ṣe JAMB lọ́dún tó ń bọ̀? Bí wọn ò bá lè dáhùn, àwọn tó ń tún fóònù ṣe wà l'Ákùúrẹ́ níbí. Bí o bá sì kọ́kọ́ lọ kọ́ṣẹ́, kọ ọdún tí wàá padà sí ìwé sílẹ̀, kí màmá rẹ náà mọ̀ ọ́n. Èmi ní díẹ̀ ni n ó fi ṣe é, ọdún mọ́kànlá kọjá lọ. Ẹni tó bá sì ti kọjá ọgbọ̀n ọdún kó tó jáde, kò ní lè sìnrú ìlú mọ́, ìwé ìdásílẹ̀ ni wọ́n á fún un.

Tí èsì WAEC bá jáde, fi ránṣẹ́ sí mi. Kọ orúkọ ẹ̀kọ́ kan sí i, ọ̀kan péré, èyí tí ìwọ fúnra rẹ fẹ́ láìwo ojú màmá rẹ tàbí ti ẹ̀gbọ́n wọn. Ìgbà náà ni a ó wá jókòó ṣírò owó rẹ̀.