Ohun tó ń jẹ́ kí obìnrin aláwàdà pẹ́ nídìí iṣẹ́

Àbúrò mi ní Ẹ̀pẹ́, o ní ẹnikẹ́ni tó bá pè ọ́ síṣẹ́, ipa ìyá arúgbó tó ń pariwo ni wọ́n máa ń fún ọ. O wá ń bèèrè bóyá kí o máa kọ eré tìrẹ, àti bí àwọn ìyá wa ṣe ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nídìí àwàdà. Bẹ́ẹ̀ ni, máa kọ. Àmọ́ kí o tó kọ eré, kọ́kọ́ kọ ènìyàn inú eré kan tó jẹ́ tìrẹ.

Wo Lánre Hassan, Ìyá Àwẹ̀ró. Inú ẹgbẹ́ eré Òjó Ládípọ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wo Ìdòwú Philips, Mama Rainbow. Ara ẹgbẹ́ Òṣùmàrè tí ọkọ wọn dá sílẹ̀ ni orúkọ yẹn ti lẹ̀ mọ́ wọn. Ẹgbẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, orúkọ ṣì ń pe iṣẹ́ wá. Láyé Hubert Ògúndé, ọ̀gá ẹgbẹ́ eré ìtàgé, obìnrin orí ìtàgé ò rọrùn láti rí, torí òbí lè wá fà á lọ, ọkọ àfẹ́sọ́nà náà lè ní kó jókòó sílé. Ìdí nìyẹn tí Ògúndé fi fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn òṣèré rẹ̀ níyàwó, kí ẹgbẹ́ má baà tú. Ìwọ ò nílò ìyẹn mọ́. Ipa tí wọn ò lè fún ẹlòmíì ṣe lo nílò.

Ènìyàn tí o máa kọ, fún un ní ohun kan tó ń wá lójú méjèèjì, kó sì gbà pé òun ò ṣe àwàdà rárá. Sọ pé ẹlẹ́ja ni, ní ọjà Olúwo lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Epìyà mẹ́rin péré ló kù nínú abọ́ rẹ̀, ó sì ń tà á bí ẹni tó ni gbogbo ọ̀sà. Oníbàárà dá owó tí ò tó. Ìyá ò bínú. Ó gbé ẹja kan sétí, ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ó mi orí, ó dá a padà sínú omi. Ó ní: “Mo ti bi í. Ó lóun ò bá ẹ lọ.”

Wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe tò. Ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín ló gbẹ̀yìn. Bí o bá kọ ọ́ pé “òun ò bá ẹ lọ ni ẹja yìí wí nígbà tí mo bi í”, ẹ̀rín á ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnu rẹ ṣì ń lọ, wọn ò ní gbọ́ ìyókù, ìwọ náà á sì máa pariwo lé wọn lórí. Ibi tí aláwàdà tuntun ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù nìyẹn. Tí o bá ti sọ ọ́ tán, dákẹ́, ṣùgbọ́n má jọ ẹni tó ń dúró de ẹ̀rín: máa bu omi sórí ẹja. Jẹ́ kí ẹ̀rín gòkè, kó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Kó tó kú pátá ni kí o gba ọ̀rọ̀ tó kàn. Bí wọn ò bá rẹ́rìn-ín, kọjá lọ kíákíá. Má tún un sọ.

Irú àwàdà bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kó wáyé nínú eré. Àkọ́kọ́ fi hàn wá, ìkejì jẹ́ ká máa retí rẹ̀, ìkẹta ni kó yí padà: ẹja gbà láti lọ, ìyá ló wá ń bẹ̀ ẹ́ kó má lọ.

Ìgbéraga ẹlẹ́ja yìí ò lọ́jọ́ orí, òun ni yóò gbé ọ pẹ́. Ọmọge lè ṣe é, ìyàwó ilé lè ṣe é, ìyá ọkọ á tún ṣe é dáadáa jù. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn títẹ̀ àti ariwo lo fi ń pawó, ọ̀fun rẹ á ha láàárín ọdún díẹ̀. Ohùn imú tàbí ọ̀rọ̀ fífà ò ní dá ọ lóró bíi ti igbe.

Kí àmì tí wọ́n fi máa dá ènìyàn inú eré rẹ mọ̀ má ju méjì lọ. Bàbá Sàlá, aago ńlá tí wọ́n so mọ́ ọwọ́ àti táì ọrùn tó tóbi ju ojú wọn lọ ti tó kí ọmọdé bú sẹ́rìn-ín kí wọ́n tó lanu. Bí o bá fẹ́ fi kún ìdí, rán fóòmù ínṣì 2 mọ́ ṣòkòtò péńpé tó fún ọ dáadáa. Má fi okùn dè é, á yọ́ wálẹ̀ tí o bá ń jó. Àtíkè lórí irun kì í jọ ewú lábẹ́ iná, ìyẹ̀fun ló máa ń jọ. Fi ọ̀dà ojú funfun díẹ̀ kan irun ẹ̀bátí àti ti iwájú orí nìkan.

Ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú yín dùn lórí ìtàgé. Lò ó fún ìbínú àti ìbúra, àmọ́ gbólóhùn tí ìtàn dúró lé, fi Yorùbá tí ará Ìbàdàn náà á gbọ́ sọ ọ́.

Fún eré wákàtí kan, bíi ojú ìwé 40 tó, torí ẹ̀rín àti orin á jẹ ìyókù. Òṣèré márùn-ún sí méje, ibùdó kan tàbí méjì. Láyé alárìnjó, àwọn ẹgbẹ́ eré tó ń ti ìlú dé ìlú, ọ̀gá á sọ ìtàn, òṣèré á wá ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ ní rihásà, ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú àwọn eré yẹn fi bá àwọn tó ṣe é lọ. Nítorí náà, lẹ́yìn rihásà kọ̀ọ̀kan, kọ èyí tó pani lẹ́rìn-ín sílẹ̀ kí o sì fi déètì sí i. Òfin Copyright ti 2022 dáàbò bo ohun tí o kọ ní gbogbo ayé rẹ, ó tún fi 70 ọdún lé e lẹ́yìn ikú. Èrò tó wà lórí lásán kò sí lábẹ́ rẹ̀. Nínú àdéhùn, jẹ́ kó hàn pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni pródúsà lè fi ènìyàn inú eré rẹ ṣe. Bí o bá fẹ́ fi àwàdà bá olóṣèlú wí, rántí pé eré Yorùbá Ronú tí Ògúndé ṣe ló mú kí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn fòfin dè é ní 1964, àṣẹ náà ò sì kúrò títí di 1966. Ìwà ni kí o mú, fi orúkọ sílẹ̀.

Ti òde ìnáwó, ní Ìkòròdú tàbí lọ́dọ̀ yín: má bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ, kò sí àwàdà tó lè bá ìrẹsì jà. Ní kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ilé. Máíkì kékeré, inú gèlè ni kí o fi téèpù lẹ̀ ọ́ mọ́. Láyà, ìlẹ̀kẹ̀ á máa lù ú. Gba ìdajì owó kí o tó wọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, gba ìyókù kí o tó wọ aṣọ eré, torí tí wọ́n bá ti ń ká kánópì, ẹni tó pè ọ́ á ti di àwátì.